Bí Mo Ṣe Rí Gíláàsì Rà ní Sàngó

Òórùn ọṣẹ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Kì í ṣe òórùn ọṣẹ bí a ṣe ń gbọ́ ọ nínú balùwẹ̀ o. Èyí gbóná, ó nípọn, bíi pé ẹnì kan ń se lọ́fínńdà pọ̀ mọ́ ọ̀rá ẹran, èéfín jẹnẹrétọ̀ á tún wá dà pọ̀ mọ́ ọn. Tí mo bá ti sọ̀ lábẹ́ bíríìjì Sàngó láàárọ̀, tí mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwà gba ọ̀nà àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn lọ, imú mi á ti sọ fún mi pé a ti ń dé kí ojú mi tó rí géètì. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ẹ yìí débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n fò dé ìparí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ibi tó ti burú níbẹ̀ pọ̀ ju ibi tó ti dùn lọ.

Kásúà ni mí níbẹ̀, àwa tí wọ́n lè sọ fún nírọ̀lẹ́ pé ká má wá mọ́ lọ́la. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń to ọṣẹ sínú páálí níparí bẹ́líìtì gígùn kan. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tó ń bọ̀ lẹ́nu ara ẹ̀. Gbogbo wa la fi nǹkan dí etí, ọwọ́ la sì fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀gá tó ń darí láìnì wa, obìnrin Ọ̀yọ́ kan tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, ló máa ń dúró níbẹ̀rẹ̀ bẹ́líìtì lọ́hùn-ún, nídìí ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá na àtẹ́lẹwọ́ sókè, ká dúró nìyẹn. Tí wọ́n bá fi ìka yí afẹ́fẹ́, ká máa bá iṣẹ́ lọ. Tí wọ́n bá fa etí, mánijà ń bọ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó mọ̀ ọ́n lò dáadáa máa ń fi ọwọ́ ṣòfófó láti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́líìtì dé ìparí ẹ̀, ẹnì kan ò ní la ẹnu.

Èmi ò rí ìkankan nínú ẹ̀. Láti ibi tí mo dúró sí, nǹkan búlúù kan tó ń mì ni Mọ́mì jẹ́ lójú mi, kò ní ojú, kò ní ẹnu. Ọmọbìnrin kan tó ń wá láti ìlú Alápòtì, tó máa ń dúró tì mí, ló ń gbà mí. Tí Mọ́mì bá ní ká dúró, á tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí wọ́n bá ní ká máa lọ, á tẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kan ó bi mí pé ṣé mi ò rí wọn ni, mo ní mò ń ronú ni. Ó ní, "Ìwọ àti ìrònú. Ọkọ ta lò ń rò láàárọ̀ kùtù?" Kò bèèrè mọ́, ó kàn ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lọ.

Wàá ní kí ló dé tí mi ò sọ. Bàbá kan wà ní ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, òun sọ. Ó ní òun ò rí nọ́ńbà ara páálí tó bá wà lókè mọ́. Wọ́n ní kó lọ tọ́jú ojú ẹ̀ nílé. Ìgbà tó fi máa padà dé, ẹlòmíì ti wà nídìí iṣẹ́ ẹ̀. Mo ti wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí bàbá yẹn ń bẹ onígéètì. Mo bá pa ẹnu mi dé.

Àfìgbà tí a gbọ́ pé wọ́n máa sọ díẹ̀ nínú àwa kásúà di sítáàfù níparí oṣù. Ìwọ náà mọ ohun tíyẹn jẹ́: káàdì ọsibítù, ìsinmi tí wọ́n ń sanwó ẹ̀, kéèyàn má máa sáré dé géètì láàárọ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ìyá mi ní Ìwó ti sọ fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àsàlátù wọn, wọ́n ti ń ṣe àdúà sí i. Mọ́mì ló sì máa kọ orúkọ àwọn tó wà ní láìnì wa. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ibà gbé ọmọ Alápòtì ṣánlẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí kò wá, páálí há sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń lẹ̀ ẹ́ pa. Mọ́mì na ọwọ́ sókè. Mi ò rí i. Mo ń ti páálí lọ, ó ń gorí ara wọn, ó wó, ọṣẹ fọ́ káàkiri ilẹ̀, ìka ọkùnrin tó ń yọ èyí tó há sì há sẹ́nu ẹ̀rọ. Ọlọ́run ló yọ ọ́, kò gé. Mọ́mì rìn wá bá mi, wọ́n yọ nǹkan tó wà létí wọn.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

"Ẹ má bínú mà."

"Kì í ṣe ti òní. Ọwọ́ á ro mí, wàá kàn máa wò mí bí ẹni ń wo ògiri. Ọmọ ta ni ẹ́ gan-an?"

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ọṣẹ fífọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, "Mọ́mì, mi ò ríran ọ̀ọ́kán," kò jáde.

Wọ́n ní, "Tí n bá kọ orúkọ ẹ síbẹ̀, ojú wo ni màá fi wo àwọn tó ń bọ̀wọ̀ fún mi? Mo fún ẹ di ìparí oṣù."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń gbé pátákó gíláàsì kiri ní ọjà Ọ̀tà. Ó fún mi ní ìwé ìròyìn, ó ní kí n kà á. Mo gbé e súnmọ́ imú, mo kà á geere. Ó gbé òmíràn fún mi, mo tún kà á. Ó ní, "Èyí ló lágbára jù, ó bá ẹ mu." Mo rà á. Mi ò rò ó rárá pé ìwé kíkà kọ́ ló ń dà mí láàmú láti ilé ẹ̀kọ́, iwájú ni mo máa ń jókòó sí kí n tó lè rí ohun tí tíṣà bá kọ. Mo rò pé ojú náà ni ojú, gíláàsì náà ni gíláàsì. Nígbà tí mo lò ó nídìí bẹ́líìtì, Mọ́mì pòórá pátápátá. Búlúù yẹn gan-an di èéfín. Orí ń fọ́ mi, èébì ń gbé mi. Ìyá ìyá mi fọ́jú kó tó kú, mo wá gbà pé ó ti kàn mí. Mo máa ń dùbúlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ nínú yàrá tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń gbé ní Ìtẹ̀lé, màá máa fi ojú kan ka igi àjà, màá tún fi ojú kejì kà á, bóyá ó ti dín kù. Mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Mọ́sálásí kan nítòsí wa ló wá kéde pé wọ́n fẹ́ wo ojú àwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo tò sẹ́yìn àwọn alhaja. Bí wọ́n ṣe ń wo wọ́n tán ni wọ́n ń fún wọn ní gíláàsì tiwọn, inú mi ń dùn. Nígbà tó kàn mí, dókítà obìnrin tó ń wojú gba gíláàsì ọwọ́ mi, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ti màmá àgbà lo rà yìí. Ìwọ rí ìtòsí, ọ̀ọ́kán ni o ò rí. Ojú ẹ ò fọ́, má sunkún." Mo bi í pé ṣé kò sí tèmi nínú páálí yẹn. Ó ní tèmi kì í wà nílẹ̀, wọ́n máa ń ṣe é ni. Ó kọ nọ́ńbà sínú ìwé péńpé fún mi.

Mo gbé ìwé yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì kan ní Sàngó. Iye tí ọmọbìnrin ibẹ̀ pè ju owó oṣù mi lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní òun kọ́ ló ni ọjà. Mo jáde, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn wọn. Ọkùnrin tó ń gé lẹ́ńsì fún wọn ń jẹ bọ́lì àti ẹ̀pà níbẹ̀. Ó ní kí n mú ìwé ọwọ́ mi wá.

"Férémù ni wọ́n ń tà fún ẹ nínú ilé yẹn. Lẹ́ńsì tìẹ ò wọ́n, nọ́ńbà ẹ ò le. Lọ wá férémù níbikíbi, kó ṣá má ti sán."

Mo na gíláàsì ọjà Ọ̀tà sí i. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó rọ̀ jù, á yọ́ tí òun bá yá a níná kí lẹ́ńsì lè wọ inú ẹ̀.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí oṣù parí. Mo gba ìdí àwọn olókìrìkà lọ. Láàárín bẹ́líìtì àti báàgì àlòkù ni mo ti rí férémù ọkùnrin kan, aláwọ̀ kọfí, ó tóbi bíi fèrèsé. Obìnrin tó ń tà á wò mí pẹ̀lú ẹ̀ lójú, ó ní, "Àǹtí, ṣé wọ́n fi ẹ́ jẹ prínsípà ni?" Mo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Mọ́mì ti bá mi wí. Owó oúnjẹ mi ló lọ sí i, òun àti lẹ́ńsì, gàrí ni mo mu títí oṣù fi parí. Ọkùnrin yẹn ní Èkó ni lẹ́ńsì ti ń bọ̀, kí n padà wá lọ́jọ́ kẹrin.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri géètì. Mo súnmọ́ ọn débi pé imú mi kan ìwé. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo kà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Ti ọmọ Alápòtì wà, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó fọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn. Ó ń ṣe mí bíi kí n má wulẹ̀ lọ gba gíláàsì yẹn mọ́. Kí ni mo tún fẹ́ fi rí?

Ṣùgbọ́n mo ti sanwó, mo bá lọ. Bó ṣe gbé e lé mi lójú, mo jáde síta, mo dúró. Wáyà iná pọ̀ lókè Sàngó tó báyìí, mi ò mọ̀ rí. Mo rí ewé lára igi, ewé kọ̀ọ̀kan. Mo rí obìnrin kan lódìkejì títì tó ń bínú sí ọlọ́kadà, mo rí ìbínú náà níwájú orí rẹ̀. Mo sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, àwọn èèyàn ń yà fún mi lọ́nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé e sójú lọ síbi iṣẹ́. Mọ́mì ní ojú. Wọ́n ní ilà lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n ní àlàfo láàárín eyín. Kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, mo rí wọn tí wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n tẹrí ba díẹ̀ sí ọmọ tó kọ́kọ́ dúró, ọmọ yẹn náà tẹ orúnkún. Wọ́n wo ẹni tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kí gbogbo wa ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n kí ọmọ Alápòtì, ó tẹ orúnkún, ohun tí mo ti ń rí lójoojúmọ́ tí mo rò pé ara ló ń nà. Èmi ló kàn. Ojú wọn dé ọ̀dọ̀ mi, ó fò mí, bí èèyàn ṣe ń fo omi ìdọ̀tí lójú ọ̀nà, wọ́n kí ẹni tó wà lẹ́yìn mi.

Kò sí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé àmì "ẹ dúró" nìkan ni mò ń pàdánù.

Lákòókò oúnjẹ mo lọ kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo yọ gíláàsì, mo sọ gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní, "Oṣù mẹ́jọ. Mo kí ẹ láràárọ̀ títí ó fi sú mi. O jẹ́ kí n máa kórìíra ọmọ ọlọ́mọ fún oṣù mẹ́jọ." Wọ́n wá ní, "Ká ní o sọ ni, ǹ bá ti fà ẹ́ wá sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ibẹ̀ yẹn ṣófo." Ọmọ Alápòtì ní òun rò pé èmi àti Mọ́mì jọ ní ìjà kan ni, ìdí tí òun ò fi dá sí i nìyẹn.

Wọn ò tún gba sítáàfù mọ́ títí tí wọ́n fi ní kí àwa kásúà tó kù máa lọ. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà ní Ìtẹ̀lé ni mo wà báyìí, ojú mi mọ́ kedere, inú mi ń dùn lójoojúmọ́ bí ọmọ kékeré. Ọjọ́ tí mo débẹ̀, kí ọ̀gá mi tó bi mí ní orúkọ, mo ti sọ fún un pé láìsí gíláàsì yìí mi ò rí ọ̀ọ́kán. Ó ní òun ò tíì bi mí. Mo ní mo mọ̀ sà. Obìnrin kan ń kí mi láràárọ̀ títí ó fi sú u, mi ò dá a lóhùn, mo sì ti di ẹ̀bi ẹ̀ ru ojú mi tipẹ́. Ojú mi ò ṣe é. Ẹnu mi tí mo pa dé ló ṣe é.