Nígbà Tí A Fẹ́ Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà

Ilẹ̀kùn, táìsì àti ọ̀dà ilé ni màámi ń tà. Inú kọ̀nténà kan ṣoṣo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀. Bí àwọn èèyàn ṣe ń kọ́lé bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni ọjà ń yá sí i. Àwọn bíríkìlà àti kápẹ́ńtà tó ti Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ wá ṣiṣẹ́ a máa dúró dè wá kí a tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Nígbà tó yá, a ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì ní Awoyaya, a sì ṣí ìkẹta sí ẹ̀bá Jakande. Màámi kò lè wà níbi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, èmi tí mo fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ wá ràn wọ́n lọ́wọ́ kò sì lè pín ara mi.

Ohun tó mú Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà wọ ọ̀rọ̀ wa nìyẹn. Bí gbogbo òṣìṣẹ́ ṣe ń pè é nìyẹn, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ mi ni. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan ni, tòun tìyàwó rẹ̀ ń gbé nínú fúláàtì ìjọba ní Jakande. Òun ló sọ fún wa pé sọ́fúwíà kan wà tó jẹ́ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà. Tí wọ́n bá ta ilẹ̀kùn kan ní Awoyaya, èmi tí mo jókòó sí Ṣàngótẹ̀dó á rí i lójú fóònù mi kí kọ́sítọ́mà tó gbé e sọ́kọ̀.

Màámi bi í léèrè pé, "Ibo wá ni àkọsílẹ̀ ọjà mi wà gan-an?"

"Orí kíláòdù ni, Àlhájà."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọsánmà ni ìtumọ̀ rẹ̀, mà."

Màámi wo òkè, wọ́n tún wo ojú rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rọ̀ dànù bí òjò o." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí.

Kò rọ̀ dànù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà nìkan ló ń bójú tó o. Ẹni tó bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, òun là ń pè. Ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, òun ló ń yọ ọ́ kúrò. Mo ti rí i tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kòròpé nínú òjò, tó gbé báàgì kọ̀ǹpútà rẹ̀ sábẹ́ aṣọ bí ọmọ tuntun, torí pé ẹ̀rọ kan kọ̀ láti tẹ rìsíìtì.

Àfìgbà tí ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn. Kò sọ irú àìsàn tó jẹ́ fún wa, ohun tó ń sọ kò ju pé, "Ara rẹ̀ ò yá díẹ̀." Ojoojúmọ́ là ń retí pé yóò sàn, àfi bí a ṣe gbọ́ pé obìnrin náà ti lọ. Èmi àti màámi lọ kí i. Ó jókòó sáàárín àwọn èèyàn, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ oníkálukú, àmọ́ mi ò rò pé ó mọ ẹni tí òun ń dá lóhùn.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò rí bíi tẹ́lẹ̀ mọ́. A ó pè é, kò ní gbé e. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn tó wà ní Jakande kò rí sọ́fúwíà náà wọ̀ rárá. Àwọn kọ́sítọ́mà dúró tọkọ̀ tọkọ̀, fóònù rẹ̀ ń dún lásán. Ọ̀sán ló tó dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò pẹ́ tó fi tún un ṣe, ó sì bẹ̀ wá. Ta ló fẹ́ bínú sí irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Màámi ló sọ ọ́ jáde pé iṣẹ́ náà ti ju agbára ẹnì kan lọ. Wọ́n pè é, wọ́n fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé fún un pé a fẹ́ gbé e fún ilé-iṣẹ́ kan ní Lekki tó ní òṣìṣẹ́ púpọ̀. Ó mi orí.

Ó ní, "Àlhájà, èmi náà mọ̀ ọ́n. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí ẹ ṣe é. Màá fi gbogbo ẹ̀ lé wọn lọ́wọ́."

Ilé-iṣẹ́ tuntun náà rán obìnrin kan sí wa, ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́, tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìbòrí rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ jókòó nínú ọ́fíìsì mi. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé hàn án, ó fi àwọn òṣìṣẹ́ àti ohun tí oníkálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí hàn án, ó fi ibi tí à ń tọ́jú ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ sí hàn án. Ó ń lọ geere. Ìgbà tí wọ́n dórí àkáǹtì tó jẹ́ olórí gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ há. Ẹni tó bá fẹ́ gba àkáǹtì yẹn, kóòdù kan á kọ́kọ́ wọlé sórí fóònù, ibẹ̀ ló ti máa kà á.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ní, "Fóònù yẹn ò sí lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n délé."

Ó délé, kò fún wa. Nígbà tó tún wá, ó ní òun gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí a tún pè é, ó ní bátìrì ti kú. Obìnrin ilé-iṣẹ́ tuntun náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àǹtí, ẹ má bínú pé mo sọ ọ́. Nọ́mbà tí kóòdù ń lọ sí kì í ṣe tiyín, kì í sì í ṣe èyí tí à ń pe Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà sí. Àwọn kan máa ń mú kọ́kọ́rọ́ dání bí wọ́n bá ń lọ, kí ẹ lè máa wá wọn kiri. Tó bá gba bẹ́ẹ̀, a lè kọ̀wé sí àwọn tó ni sọ́fúwíà, ká fi ìwé ilé-iṣẹ́ yín hàn, wọ́n á gbà á kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá náà."

Inú bí mi. Mo ronú gbogbo ọdún tí a ti fi ọkàn tán ọkùnrin yìí. Mo lọ bá màámi, mo ní ká kọ̀wé náà.

Wọ́n ní, "Ẹni tó ń wọ inú òjò torí wa? Kí ẹnikẹ́ni tó kọ nǹkan kan, lọ bá a nílé. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Àárọ̀ Sátidé ni mo lọ. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi, ó gbé àga síwájú fèrèsé, ó bu omi wá. Ilé náà mọ́ tónítóní, ó sì dákẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá bí màá ṣe gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ ni nǹkan dún lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Fóònù kékeré kan ni, tó ní àpò aláwọ̀ osùn. Ó dìde, ó gbé e, ó kà á, ó fi etí aṣọ nu ojú fóònù náà, ó sì gbé e padà.

Ó ní, "Awoyaya ló ṣí."

Kò yé mi. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ìyàwó mi ló ni nọ́mbà yẹn. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ṣí àkáǹtì yín, wọ́n ti jí fóònù tèmi ní Ajah, ni mo bá lo tirẹ̀. Mo ní màá yí i padà tó bá yá, òun ló ní kí n fi í sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù yín kan bá ṣí láàárọ̀, sọ́fúwíà náà máa ń fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ síbẹ̀. Màá wà ní balùwẹ̀, màá máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti kíṣìnnì: 'Ṣàngótẹ̀dó ti ṣí o! Jakande náà ti ṣí! Awoyaya, ẹ ò ní jí?' Kò dé ṣọ́ọ̀bù yín rí, Àǹtí, àmọ́ ó mọ èyí tó máa ń pẹ́ dé nínú wọn."

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn. Lọ́dún tí àgbàrá bo ọ̀nà Awoyaya, tí ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ wà ní títì títí ọjọ́ fi kanrí, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kò sí nǹkan ní Awoyaya? Mi ò tíì rí wọn láti àárọ̀." Mo rò pé kọ́sítọ́mà ni. Mo ní omi ló kún, kò ṣe ẹnikẹ́ni. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run ṣeun. Ẹ bá mi kí wọn o."

Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ó pè yín?"

"Ó pè mí."

"Kò sọ fún mi!" Ó bú sẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Nígbà tó gbójú sókè, ó ní kí n tún un sọ, mo sì tún un sọ látòkè délẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Gbogbo ẹbí ti yọ nọ́mbà rẹ̀ kúrò lórí fóònù wọn. Yàtọ̀ sáwọn onínẹ́tíwọ̀kì tó ń polówó, ẹ̀yin nìkan lẹ kù tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí i. Mi ò fẹ́ dè yín mọ́lẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́. Mo mọ̀ pé tí mo bá ti fi kóòdù yẹn sílẹ̀, wọ́n á fi nọ́mbà tiwọn rọ́pò, fóònù yẹn á sì dákẹ́. Àìmọye ìgbà ni mo ti gbé e sọ́wọ́. Mi ò lè ṣe é ni."

Mo bọ́ sí bákónì, mo pe obìnrin ilé-iṣẹ́ tuntun náà, mo ṣàlàyé fún un.

Ó ní, "Àǹtí, kóòdù nìkan la nílò. Mẹ́sééjì pé ṣọ́ọ̀bù ṣí, kò sí àṣírí kankan nínú ìyẹn. Ẹ jẹ́ kó máa lọ síbẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n o. Mo ro nǹkan míì sí wọn."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà mú fóònù náà wá sí Ṣàngótẹ̀dó. Màámi jókòó tì wá. Kóòdù wọlé, ó kà á sókè, nọ́mbà kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí ọkùnrin náà tán kó tó di ẹrù rẹ̀. Màámi ò jẹ́ kí Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà lọ láìjẹun.

Ilé-iṣẹ́ tuntun náà ṣiṣẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn tí òjò ọdún yẹn ti dáwọ́ dúró, Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà pè mí. Ó ní òun ti ríṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ajah, pé òun ti máa ń jáde nílé kí àwọn ṣọ́ọ̀bù wa tó ṣí.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n dá mẹ́sééjì yẹn dúró, Àǹtí. Ó ti tó báyìí. Ẹ ṣeun."

Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé sórí ilẹ̀ kékeré kan ní Awoyaya. Òun àti kápẹ́ńtà rẹ̀, ọmọ Ìkìrun kan tí kì í gbà fún èèyàn, ló jọ wá yan ilẹ̀kùn. Àríyànjiyàn ni wọ́n ń ṣe wọlé, lórí bóyá inú ni ilẹ̀kùn kíṣìnnì máa ṣí sí tàbí ìta. Màámi gbọ́ wọn, wọ́n sì dìde lórí àga wọn.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá síbí. Ta ló máa máa dáná níbẹ̀?"

"Èmi ni, Àlhájà."

"Ìta ni kó ṣí sí. Kí èéfín lè ríbi gbà."