Ọsàn Mẹ́jọ Níwájú Káfíńtà

Kérésì kan ṣáájú òmìnira, mo bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ tọrọ ìyàwó ní Ìlá. Ìlú òyìnbó ló ti ń kàwé. Ọmọbìnrin náà, tí í ṣe olùkọ́, ti gbà. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ló kù. Èmi ni alárinà. Mo sì ti kìlọ̀ fún ọ̀rẹ́ mi: dọ̀bálẹ̀, kí o dákẹ́.

Bàbá bi mí pé, “Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?”

“Ìwádìí ni, Bàbá.”

“Ọlọ́pàá ni?”

Ọ̀rẹ́ mi kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní òun ń ṣírò bí horo iyọ̀ ṣe ń tẹ̀ tó sì ń padà sípò. “Átọ́ọ̀mù, èérún tó kéré jù, ló ń fa ara wọn nínú rẹ̀, Bàbá. Tí a bá mọ bí méjì ṣe ń fa ara wọn, a ó mọ bí gbogbo horo náà ṣe le tó.”

“Ṣé ẹ ò lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò ni?”

Ó bá yọ nǹkan kan nínú àpò: ọsàn dúdú mẹ́jọ, tó fi wáyà kíká so pọ̀ bí àpótí. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ látòkè. Ó rọ̀, ó sì ta padà. Bàbá mi orí. Ó wá fi ìka kan ti ọsàn òkè sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo rẹ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ẹní.

“Kò ní igi ìdábùú láti igun dé igun,” ni Bàbá wí. “Ṣé ọsàn igun yìí kò mọ ti igun ọ̀hún ni? Àwọn tó fara kanra nìkan ló ń fa ara wọn?”

Ọ̀pọ̀ oṣù ni ọ̀rẹ́ mi ti fi yí ẹ̀rọ ìṣirò, tí ìdáhùn rẹ̀ kò bá ti iyọ̀ gidi mu, torí ó ka àwọn ti igun sí èyí tó jìnnà jù láti fa ara wọn. Ó fa pẹ́ńsù yọ, ó jókòó sórí àga àna rẹ̀, ó ń kọ̀wé. Mo ta á nípàá, kò mọ̀.

Ìyá ìyàwó ní, “Ṣé eléyìí rántí ohun tó bá wá?”

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ni Bàbá wí. “Ọ̀mọ̀wé méjì ti dọ̀bálẹ̀ níbí rí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sí èyí tó kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ nínú wọn.”

Ó pe ọmọ rẹ̀ jáde. Ọmọbìnrin náà wo ọsàn, ó wo ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lórí àga. “Bàbá, ṣé ẹ fún un ní ìyàwó ni, àbí ẹ gbà á síṣẹ́?”

“Méjèèjì,” ni Bàbá wí, ó sì lọ wá igi tẹ́ẹ́rẹ́.