Bí Awọ Sítíárì Ṣe Gbé Mi Dé Ẹ̀pẹ́

Wọ́n ń pe ìrun àsùbáà lọ́wọ́ ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ẹ̀sítéètì wa nígbà tí mo jáde nílé. Ọkọ mi fi tọ́ọ̀ṣì sìn mí dé gétì. Ó ní, "Ìyá Dárà, mo bẹ̀ ẹ́, tó o bá dé ọ̀hún, rọra sọ̀rọ̀ o. Àna lo fẹ́ lọ bá, kì í ṣe kọ̀ńdọ́kítọ̀." Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Inú ti ń bí mi bọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, mo sì ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú mi bí ẹni to igi ìdáná.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún rèé. Mo ní ọkọ̀ kan tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó láti Ìkòròdú, mo sì tà á nígbà tí mo rí òmíràn rà. Ẹni tó rà á kì í ṣe àjèjì. Àlàájà tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́ ni, ìyá Jàmíù, ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Bùkọ́lá àbúrò mi. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Àlàájà pè mí lórí fóònù. Kò tilẹ̀ kí mi tán tó fi ní awọ ara sítíárì ọkọ̀ náà ti ń bó. Ó ní ẹni tó mọ̀ nípa ọkọ̀ ti bá òun wò ó, pé ọkọ̀ tó ti rìn rìn rìn ni sítíárì rẹ̀ máa ń rí bẹ́ẹ̀, pé a jẹ́ pé mo ti ní kí wọ́n yí máìlì rẹ̀, òǹkà ìrìn ọkọ̀, sẹ́yìn kí n tó tà á fún òun. "Ẹni tó lè yí máìlì, kí ni kò lè yí? Ṣé irú ilé tí ọmọ mi fẹ́ lọ fẹ́ ìyàwó nìyẹn?" Ó ní kí ètò mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ dúró ná.

Láti ọjọ́ náà ni Bùkọ́lá, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, kò ti jẹun dáadáa mọ́. Á bu oúnjẹ, á máa fi síbí dà á rú. Èmi sì mọ̀ pé mi ò yí máìlì kankan. Bàbá wa tó sùn sí Ìkìrun kò fi ilé fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún wa, orúkọ ló fi sílẹ̀. Mi ò ní jókòó sí Ìkòròdú kí ẹnì kan máa fi orúkọ ọ̀hún nu ilẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Ọkọ̀ tuntun mi wà nílé, ṣùgbọ́n mi ò gbé e. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wò ó tán kí wọ́n ní owó tí mo fi rẹ́ àwọn jẹ ni mo fi rà á. Kẹ̀kẹ́ Màrúwà ló gbé mi láti Agric, àdúgbò wa, dé gáréèjì, mo sì san ẹgbẹ̀ẹ́dógún náírà fún ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Iwájú ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, bàbá kan tó wé ṣáàfù mọ́rùn bí ẹni tí òtútù ń mú.

Ẹni tí nǹkan bá ń dùn, ibi gbogbo ló ti ń rí i. Ojú mi ò kúrò lára sítíárì bàbá yìí. Awọ ò sí lára rẹ̀ rárá. Rọ́bà tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lára táyà inú kẹ̀kẹ́ ló fi wé e yíká.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe awọ sítíárì yín?"

"Awọ kè? Ó ti tán kí n tó ra ọkọ̀ yìí. Ọ̀hún lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ló ti parí ìgbésí ayé ẹ̀."

"Tí awọ bá ti bó, ṣé dandan ni kí ọkọ̀ náà ti rìn jìnnà?"

Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ ilé ìwé. "Màdáámù, ẹ gbọ́ o. Wọ́n lè tún ọkọ̀ kùn. Wọ́n lè fọ ẹ́ńjìnnì kó máa dán. Wọ́n lè yí máìlì. Ṣùgbọ́n sítíárì? Sítíárì kì í parọ́."

Àwọn tó wà lẹ́yìn ní hẹn, òótọ́ ni bàbá sọ. Tí gbogbo ọkọ̀ bá lè dá mi lẹ́bi láì mọ̀ mí, kí ni Àlàájà fẹ́ ṣe?

Ilẹ̀ mọ́ bá wa lọ́nà. Ọ̀nà náà dán níbì kan, ó sì bàjẹ́ níbòmíràn tó fi jẹ́ pé dírẹ́bà á fi títì sílẹ̀, á gba inú koríko. Lẹ́yìn Ìmọ̀tà, oko ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù. Nígbà tí a dé Ìtòkín, àwọn obìnrin ti kọ́ ẹja sórí igi lẹ́bàá ọ̀nà, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ní oríta Ejìnrìn, obìnrin méjì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. Ìyá tó jókòó lẹ́yìn mi sọ fún mi pé ọjọ́ ọjà Ejìnrìn ni, pé ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ẹrù wá síbẹ̀ láti ayé àwọn ìyá ìyá wọn. Ọjà tiwa ní Ìkìrun náà ní ọjọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n orí ènìyàn ni ẹrù tiwa ń gùn. Bí ọkàn mi bá balẹ̀ ni, ǹ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó.

Ọjà ẹja ni mo ti bá Àlàájà ní Ẹ̀pẹ́, létí ọ̀sà. Obìnrin gíga ni, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa òbòkún sínú agbọ̀n fún àwọn oníbàárà. Ó lówó tó ẹni tí í jókòó sórí àga pàṣẹ, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun ṣa ẹja. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ìbínú kì í gba ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Ìkìrun.

"Ẹ dìde, Ìyá Dárà. Ẹ jẹ́ ká délé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ojú ọjà."

Ó ri ọwọ́ bọ inú korobá omi, ó gbọ̀n ọ́n. Ó wá mú ààbọ̀ òsàn wẹ́wẹ́ lórí tábìlì, ó fún un sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi pa ọwọ́ méjèèjì títí dé ọrùn ọwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí pé ó ti dára. Kò fi omi ṣàn án. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ṣíwájú. Gbogbo obìnrin ọjà yẹn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí òórùn ẹja má baà bá wọn délé. Èmi náà ń ṣe é nílé ìdáná mi. Kò sí ohun tó jọ mí lójú níbẹ̀.

Inú oòrùn gangan ni ọkọ̀ mi àtijọ́ wà. Bí mo ṣe wọ inú rẹ̀ jókòó, sítíárì ni mo kọ́kọ́ wò. Òótọ́ ni. Awọ orí sítíárì náà, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ti ká sókè bí èèpo iṣu sísè, funfun kan tí kò dára ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ láti Ìkòròdú tú ká. Àlàájà jẹ́ kí n wò ó dáadáa. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárì, a gbéra.

Ìgbà náà ni mo rí i. Ibi tó ti bó gan-an lọwọ́ Àlàájà gùn, kò fi ìka kan yẹ̀ ẹ́. Omi òsàn ṣì ń dán lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀ sítíárì. Ìsàlẹ̀ dúdú, ó ń dán, bó ṣe wà lọ́jọ́ tí mo tà á.

Mo kígbe, "Àlàájà, ẹ dúró!"

Ó tẹ bíréèkì. "Kí ló dé? Ṣé mo gbá ewúrẹ́ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wà á dé ilé."

Ó wò mí títí, ó sọ̀ kalẹ̀, a pààrọ̀ ìjókòó. Mo wà á díẹ̀, mo ní, "Ẹ bá mi wò ó. Níbo lọwọ́ mi wà?"

"Nísàlẹ̀. Ta ló kọ́ yín ní irú ọkọ̀ wíwà yìí?"

"Bí mo ṣe ń wà á láti ọjọ́ tí mo ti rà á nìyí. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń wakọ̀ bí ẹni tó gbé àwo oúnjẹ lé itan. Àlàájà, tó bá jẹ́ ìrìn mi ló jẹ awọ yìí, ṣé ìsàlẹ̀ kọ́ ni ì bá bó? Ibi tí ọwọ́ tiyín ń wà ló bó."

"Ọwọ́ tèmi? Kí ló wà lọ́wọ́ mi? Ṣé èékánná ẹkùn ni mo ní?"

"Òsàn wẹ́wẹ́ ni. Ẹ fi ń pa òórùn ẹja, ẹ kì í fi omi ṣàn án. Òsàn tó ń jẹ ìpẹtà lára irin, ṣé awọ ló máa ṣàánú? Ojoojúmọ́ lẹ sì ń fi pa á, tí oòrùn ọjà ń sè é mọ́ ọn lára."

Ó yínmú. "Láti kékeré ni mo ti ń fi òsàn pa ọwọ́. Awọ ọwọ́ mi ò bó."

"Ọwọ́ yín ń hu awọ tuntun, Àlàájà. Sítíárì kì í hu tiẹ̀."

Mo ń retí kó bínú. Mo fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó, ó ń tú nǹkan lára báàgì tó gbé lé itan. Ó ti fi àkísà ìborùn kan wé ibi ìfàlọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú u tán, ó gbé e sókè sójú mi. Awọ ibẹ̀ ti ká sókè bí èèpo iṣu sísè.

Ó ní, "Láìláhà! Mo ti bá oníbàágì yìí jà títí. Mo ní ayédèrú ló tà fún mi. Mo lé e kúrò níwájú ìsọ̀ mi níṣojú gbogbo ọjà."

Mo fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ mi. Kò ṣeé ṣe. Àlàájà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi báàgì lu itan. Mo ní láti pa ọkọ̀ tì sẹ́bàá ọ̀nà ká tó lè rẹ́rìn-ín tán. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọmọ mi, ẹnu mi ló ṣáájú ojú mi. Má bínú."

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé gbogbo igi ìdáná tí mo tò. Nílé rẹ̀, ó gbé ìkókoré fún mi, ewùrà tí àwọn Ìjẹ̀bú ń rin, tí wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ ẹja àti epo. Nílé wa, ọ̀jọ̀jọ̀ la mọ̀ tí à ń fi ewùrà dín. Mo jẹ ẹ́, mo tún bù sí i. Ibi tí mo ti ń jẹun ni Àlàájà ti pe Jàmíù lórí fóònù, ó ń pariwo bí ẹni pé ojú omi lọ́hùn-ún ni ọmọ wà. "Kò sẹ́ni tó yí nǹkan kan! Òsàn ni! Sọ fún ìyàwó ẹ pé à ń bọ̀ wá mọ̀ wọ́n!" Ó tún pe oníbàágì náà, ó ní kó wá, òun fẹ́ ra méjì.

Kó tó gbé mi lọ sí gáréèjì, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ó tẹ́ wọn síwájú mi bí ọmọ tí tíṣà fẹ́ yẹ èékánná rẹ̀ wò. Ó di òbòkún ńlá kan fún mi. Ó wá sọ fún dírẹ́bà àti gbogbo èrò ọkọ̀ pé àna òun ni mo jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé ẹja òun lórí. Kò sẹ́ni tó jókòó lé e. Omi rẹ̀ ló kán sí mi lọ́wọ́ títí dé Ìkòròdú.

Lójú ọ̀nà, mo ronú sí ọ̀rọ̀ bàbá onírọ́bà òwúrọ̀. Òótọ́ ló sọ, sítíárì kì í parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kó wo ibi tó ń tọ́ka sí kó tó dárúkọ olè. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi nìyẹn. Ó sì tún kọ́ mi pé ó sàn kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin dé ìdí ọ̀rọ̀ ju kó máa jà lórí fóònù.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo délé. Bùkọ́lá ti ń dúró ní gétì. Jàmíù ti pè é, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo gbé ọ̀rá ẹja lé e lọ́wọ́, mo ní, "Lọ gbé ìkòkò kaná. Ìyá ọkọ ẹ ló ní kí n gbé e fún ẹ." Ó dì mọ́ mi tòun tẹja, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ yẹn, ó jẹ àwo oúnjẹ méjì.

Ọkọ mi gbóòórùn ọwọ́ mi, ó sáré wọ ilé ìdáná, ó la òsàn wẹ́wẹ́ kan wá fún mi. Mo fò sẹ́yìn. Mo ní kó gbé e jìnnà sí mi, ọṣẹ àti omi ni mo fẹ́. Ọkọ̀ tuntun mi la máa fi sin Bùkọ́lá lọ sílé ọkọ, èmi ni n ó sì wà á. Mi ò fẹ́ kí awọ sítíárì rẹ̀ bó kó tó dé Ẹ̀pẹ́.