Odò Tó Kọjá Lórí Mi

Ọdún kejì lẹ́yìn yìnyín ńlá yẹn, èyí tó mú iná lọ ní Dallas tí a fi àga onígi dáná kí òtútù má baà pa wá, ni mo gbéra nílé ọmọ mi obìnrin ní Rowlett níbí, lẹ́bàá Dallas náà, mo lọ wo àbúrò rẹ̀, àbíkẹ́yìn mi, ní Ṣáínà.

Odò ńlá kan ló la ìlú náà sí méjì. Ilé ọmọ mi wà lápá kan, ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà lápá kejì. Kì í wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó lójú fèrèsé, n kò rí ẹni tí màá kí.

Nígbà tó ku ọ̀la kí n padà, wọn ò fún un láàyè níbi iṣẹ́. Mo ní màá gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá a, ká jọ jẹ ẹ́, ká lè ráyè sọ̀rọ̀.

“Ṣé ẹ máa lè dá wá, Màámi?”

“Ta ló kọ́ ẹ ní ìrìn?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ìsàlẹ̀ ilé yìí. Tí ẹ bá ti sọdá odò, ibi kejì tó bá dúró sí, ẹ bọ́ sílẹ̀. Màá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.”

Bí wọ́n ṣe ń júwe ọ̀nà fún mi láti kékeré nìyẹn, èmi tí n kò mọ̀wé: odò, igi, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo gbé abọ́ ìrẹsì lé itan, mo kọjú sí gíláàsì, mo ń wá omi. Òkùnkùn ni mo rí, àti ojú ara mi. Nígbà kan etí mi dí. Mo gbé itọ́ mì, ó là. Ọkọ̀ dúró, ó lọ, ó tún dúró. Mo ní odò ṣì wà níwájú.

Àfìgbà tí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀ tán. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀, bí ẹgbẹ́ mi, di ọwọ́ mi mú. Ó ń sọ tiẹ̀, mo ń sọ tèmi. Mo na fóònù sí i, ó tẹ àwòrán ọmọ mi.

“Màámi, níbo lẹ wà?”

“Mo ń dúró de odò.”

“Háà! Odò ti kọjá lórí yín tipẹ́! Abẹ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ ń gbà.”

“Abẹ́ odò? O ò sì sọ fún mi?”

“Ojoojúmọ́ ni mo ń gbà á. Mo ti gbàgbé pé èèyàn ò lè rí i.”

Ó bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ lédè wọn, ó sì wá mú mi. Àkókò ìsinmi rẹ̀ ti tán. A jọ wọ ọkọ̀ padà, wọn kì í jẹun nínú rẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́, ó juwọ́ sí mi, ilẹ̀kùn pa dé. Kò pẹ́, etí mi tún dí. Lọ́tẹ̀ yìí mo mọ̀ pé odò nìyẹn. Abọ́ náà ṣì wúwo lórí itan mi.

Ó jẹ ẹ́ nígbà tó délé, ṣùgbọ́n oorun ń kùn ún. A ò sọ̀rọ̀ kankan.

Lẹ́yìn náà mo sọ fún gbogbo àwọn ọmọ mi lórí fóònù pé, “Ẹ má júwe ọ̀nà fún mi mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí mi, kó wá mú mi.”

Wọ́n ní, “Màámi, iṣẹ́ ni kì í jẹ́ ká ráyè o.”

Mo ní mo mọ̀. Kó ṣáà wá.