Iyanrìn Àtẹ́lẹsẹ̀ Ọmọ Wa

Ní ọdún tí a bí àkọ́bí wa, òórùn símẹ́ǹtì ló gba inú yàrá wa kan. Kì í ṣe pé à ń kọ́lé. Yàrá kan ṣoṣo ni a háyà ní Ajégúnlẹ̀, nínú ilé elérò púpọ̀ tí àgbàlá rẹ̀ kún fún iyanrìn, tí kòtò omi dúdú sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ọkọ mi ló ń gbé òórùn náà wọlé láti èbúté Àpápá. Lásìkò náà, àwọn ọkọ̀ tó kó símẹ́ǹtì wá tò lé ara wọn lórí omi bí ẹni pé gbogbo ayé ló fẹ́ wá kọ́lé sí Èkó, òun sì wà lára àwọn tó ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń já ẹrù náà lóru. Bó bá wọlé láàárọ̀, símẹ́ǹtì á ti bo irun ojú rẹ̀, òógùn á sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Ọmọ náà kì í dúró kó wẹ̀ kó tó na ọwọ́ sí i. Mo máa ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n nu ojú yín ná," ṣùgbọ́n wọn á ti dì mọ́ ara wọn, símẹ́ǹtì á sì ti dé etí ọmọ.

Bó ṣe ń wọlé ni èmi náà ń jáde. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì nígbà náà ni, mo rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Warehouse Road, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté, ìsinmi tí wọ́n fún mi láti bímọ sì ti tán. Ìyá mi ti wá bá wa wẹ ọmọ, wọ́n ti padà sí Ìjẹ̀bú. Bí a bá sì ní kí a gba ọmọ ọ̀dọ̀, níbo ni a fẹ́ tẹ́ ẹní rẹ̀ sí? Nítorí náà a pín ìtọ́jú ọmọ láàárín ara wa: ọ̀sán jẹ́ ti bàbá, alẹ́ jẹ́ ti ìyá. Ẹnu ọ̀nà yàrá ni a ti máa ń gbé e lé ara wa lọ́wọ́.

"Ó ti mu ọmú?"

"Ó ti mu. Omi gbígbóná wà nínú fláàsì."

"Ó dìrọ̀lẹ́ o."

"Ẹ gbìyànjú kí ẹ sùn."

Kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn. Bí ọmọ bá sùn, òun náà á sùn. Bí ọmọ bá jí, á fi ọ̀já pọ̀n ọ́n, á máa rìn káàkiri àgbàlá. Télọ̀ tó ń gbé ní yàrá iwájú kì í jẹ́ kó gbádùn. "Brọ̀dá, ìgbà wo lẹ máa bí èkejì?" Ọkọ mi á ní, "Ìgbà tí o bá rán aṣọ olóyún mi tán."

Ní ọ́fíìsì, bó bá ti ń tó ọ̀sán, ọmú mi á kún, á máa ta mí, wàrà á bẹ̀rẹ̀ sí í jò sára búláòsì. Mo máa ń gbé fáìlì sáyà bí ẹni tí iṣẹ́ ń jẹ lógún gan-an. Afẹ́fẹ́ á máa gbé òórùn àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ wọlé láti ẹ̀bá omi, èmi á sì máa rò ó pé kí ni ọmọ mi ń ṣe báyìí. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń gbọ́ ìròyìn. Ọkọ mi mọ ìròyìn í sọ. Tọwọ́tẹsẹ̀ ló fi ń ṣàpèjúwe. Ṣùgbọ́n èmi kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé ìwé nìyẹn, tàbí bóyá bí wọ́n ṣe bí mi ni. Lọ́jọ́ tó ní ọmọ ti yí ara rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo béèrè pé ṣé ọmọ fúnra rẹ̀ ló yí, àbí ẹnì kan tì í.

"Mo fọwọ́ kàn án díẹ̀."

"Kò tíì yí nìyẹn."

"Kò tíì yí, ọ̀gá mi."

Báyìí ni ọmọ náà ṣe yí, tó jókòó, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rákòrò, tó jẹ́ pé ẹnu bàbá rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó fojú ara mi rí i. Mo ní kò dùn mí. Ẹni tó bá ń lọ síbi iṣẹ́ kò lè wà níbi méjì, ọ̀rọ̀ náà kò sì le láti yé ẹnikẹ́ni.

Eyín ló dá nǹkan sílẹ̀. O mọ àṣà wa: ẹni tó bá kọ́kọ́ rí eyín ọmọ, òun ló máa ra nǹkan fún ọmọ náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá gbogbo ilé nínú àgbàlá, télọ̀ ń fi tépù wọn ọmọ mi láyà. Télọ̀ ló gbàgbé ara rẹ̀, tó pariwo pé ọmọ yìí mà ti yọ eyín. Ìyá onílé, àgbà obìnrin tí kì í yọ ìborùn kúrò lórí, ti pàtẹ́wọ́ pé télọ̀ ló kọ́kọ́ rí i, kó lọ rán aṣọ fún ọmọ. Ìgbà náà ló wá hàn pé kò sí ẹni tí kò tíì rí eyín náà. Obìnrin Úróbò tó ń ta epo pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àgbàlá ní, "I don see am since yesterday. Mo pa ẹnu mi dé jẹ́jẹ́, abeg." Ìyá onílé ní, "Èmi ti rí i kó tó yọ. Ta ló bi mí?"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ya ẹnu ọmọ, mo rí i, ó funfun, kò tó orí ìrẹsì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo fún un lọ́mú láàárọ̀, ṣùgbọ́n mò ń sáré lọ́jọ́ náà, n kò wo ẹnu rẹ̀. Mo gbé korobá lọ sí balùwẹ̀, mo ń da omi sára kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ mí, nítorí náà n kò rí ẹni tí mo lè bínú sí. Nígbà tí mo jáde, ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́wọ́.

"Ojú rẹ pọ́n."

"Ọṣẹ ló kó sí i."

Ó na aṣọ ìnura náà sí mi. Ìgbà tó ń wọ bàtà iṣẹ́ ni mo tó sọ ohun tó wà lọ́kàn mi.

"Bó bá máa rìn, mo fẹ́ wà níbẹ̀."

"Wàá wà níbẹ̀."

"Ẹ má ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín. Ọmọ kì í gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó rìn."

Ó so okùn bàtà rẹ̀ tán. "Mo ní wàá wà níbẹ̀."

Kò pẹ́ tí ọmọ fi ń di àga mú dìde. Mo lọ bá ọ̀gá mi fún ìsinmi díẹ̀. Ó ní ṣé n kò rí bí ọkọ̀ ṣe pọ̀ lójú omi ni. Mo wá sọ ọ́ di àṣà láti máa béèrè lẹ́nu ọ̀nà, kí n tó bọ́ bàtà: "Ṣé kò tíì rìn?" Ọkọ mi á ní, "Kò tíì rìn." Ó kọ́kọ́ máa ń fi kún un, pé ó kù díẹ̀ kó ju àga sílẹ̀, pé ó gbìyànjú, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ìdáhùn rẹ̀ kúrú, á sọ ọ́, á sì kọjú sí oúnjẹ rẹ̀. Àwọn ará ilé náà yí padà. Bí mo bá ti ń wọlé, télọ̀ á yí rédíò rẹ̀ sókè, obìnrin Úróbò á tẹjú mọ́ epo rẹ̀ bí ẹni pé ó ń ka ìwé nínú rẹ̀. Mo ṣàkíyèsí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fi nǹkan kan pè é.

Ìrọ̀lẹ́ kan, mò ń wẹ ọmọ nínú bàsíà kí bàbá rẹ̀ tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Láti ìgbà tó ti ń rákòrò, orúnkún rẹ̀ ni wàhálà mi máa ń pọ̀ sí jù. Ó máa ń dúdú bí ìdí ìkòkò, n ó sì máa fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ títí òun á fi sunkún. Lọ́jọ́ náà orúnkún mọ́. Mo yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Iyanrìn wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì, láti gìgísẹ̀ dé àárín àwọn ìka. Ọmọ tó ń rákòrò kì í fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀. Mo wá àlàyé mìíràn: bóyá ó di ògiri mú dúró níta ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó di ògiri mú dúró á fi orúnkún lọ síbẹ̀, á sì fi orúnkún kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ló rí. Lẹ́yìn tí mo gbé ọmọ kúrò nínú omi, mo tẹjú mọ́ iyanrìn tó ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀ bàsíà, mo sì mọ̀ pé ọmọ mi ti ń rìn.

Ìbéèrè náà ti dé ẹnu mi. Mo gbójú sókè, mo rí ọkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó mú èkejì lọ́wọ́, bàsíà tí mò ń wò ni òun náà ń wò. Ó jọ ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Mo nu ẹsẹ̀ ọmọ.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń le," ni mo sọ.

"Ó ti ń le. Kò ní pẹ́ rìn."

"Ó dára."

Títí di ìgbà náà, bí mo bá ti rí ẹ̀rí, mo máa ń sọ ọ́ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ òótọ́ kan, tí mo sì rí i pé bí mo bá là á mọ́lẹ̀, nǹkan tí ẹnì kan ń fi sùúrù kọ́ fún mi ló máa wó. Mo da omi náà sẹ́yìn ilé.

Ní Sátidé, n kò lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ mi wọlé láàárọ̀, kò wẹ̀, kò jẹun, ó ní kí n wá jókòó sórí àpótí nínú àgbàlá. Kò pe ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ṣàdédé rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ìyá onílé ń gbá ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá. Télọ̀ ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Ọkọ mi lóṣòó níwájú mi, ó jìnnà díẹ̀, ó gbé ọmọ dúró sáàárín orúnkún rẹ̀, nínú aṣọ tí télọ̀ fi san gbèsè eyín. Ó ní, "Lọ bá mọ́mì," ó sì fi í sílẹ̀.

Kò rìn bí ẹni tó ń dán nǹkan wò. Ó rìn bí ẹni tó mọ̀nà. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń mì síhìn-ín mì sọ́hùn-ún, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìdí epo ló forí lé, ọ̀dọ̀ obìnrin Úróbò, tí mo wá mọ̀ pé ó ti máa ń fún un ní iṣu sísè. Obìnrin náà kó ọwọ́ rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn, ó dojú kọ ògiri. "No be me o. Mi ò mọ̀ ẹ́ rí. Go meet your mama." Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọmọ dúró, ó wo ẹ̀yìn obìnrin náà tìyanu-tìyanu, ó yí padà, ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì rìn wá ṣubú sáàárín itan mi.

Ìyá onílé na ìgbálẹ̀ sí mi. "Ìyàwó, ìwọ lo kọ́kọ́ rí i o. Kí lo máa fún un?"

Mò ń sunkún, kò sì sí omi tí mo lè fi bò ó mọ́lẹ̀. Ọkọ mi ṣì lóṣòó síbẹ̀, símẹ́ǹtì nínú irun ojú rẹ̀, oorun lójú rẹ̀.

"Mo ní wàá wà níbẹ̀," ó ní.

"Mo wà níbẹ̀." Kì í ṣe irọ́ ni mo pa fún un.

Nígbà tí a fẹ́ kó kúrò nílé náà, obìnrin Úróbò bá mi di ẹrù, ó sì tú gbogbo rẹ̀ fún mi. Ọkọ mi, ọkùnrin tí ojú máa ń tì láti yá iyọ̀, lọ bẹ àwọn ará ilé láti yàrá dé yàrá pé kí wọ́n má jẹ́ kí n gbọ́ pé ọmọ ti rìn. Ìyá onílé fi tirẹ̀ lé e, pé ẹni tó bá jẹ́ kí ìyàwó gbọ́, kó máa wá ilé mìíràn. "For this Ajégúnlẹ̀," ó ní, "where person no fit fry egg make street no hear. All of us close mouth. Nítorí tìẹ." Mo ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà. Bí a bá ní ká tẹ̀ lé bó ṣe ṣẹlẹ̀, èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí ìrìn ọmọ mi. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èmi ni mo rí i gbẹ̀yìn nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ dè. Ẹni tó rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, ọmọ tó ń rìn ló rí. Èmi rí ọmọ tó ń rìn, mo sì rí gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò tíì sọ fún ọkọ mi pé mo mọ̀. Bó bá ń sọ ìtàn ọjọ́ Sátidé náà fún àlejò, mo máa ń jókòó tì í, mo máa ń gbè é lẹ́sẹ̀.

Olùkọ́ ni mí báyìí, a sì ti bí ọmọkùnrin kan tẹ̀ lé àkọ́bí wa. Ọkọ mi ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ òru. Àárọ̀ ló ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé, èmi ni mo wà nílé nítorí ilé ìwé wà ní ìsinmi. Lánàá, ọmọ náà ju àga sílẹ̀, ó rìn kọjá ẹnu ọ̀nà, ó tẹ iyanrìn ìta, ó sì bojú wẹ̀yìn wò mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣeré nítòsí fò sókè.

"Mọ́mì, ó ti rìn."

"Mo rí i. Má sọ fún dádì yín."

"Kí ló dé?"

"Dádì yín ló máa kọ́kọ́ rí i."

Ó rò ó díẹ̀, ó padà sídìí eré rẹ̀. Mo bu omi sínú bàsíà, mo gbé àbúrò rẹ̀ sínú rẹ̀, mo sì fọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, gìgísẹ̀ àti àárín àwọn ìka, kí bàbá wọn tó dé.