Ènì Lórí Ọ̀fẹ́

Ó fi àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún kan ahọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na apá sábẹ́ tábìlì níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kì í dé, ó sì fi ìka tútù náà ra etí pákó, jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń nu ipin lójú ọmọ. Ó dúró. Ó wo ibi tí itọ́ ti mú kí àwọ̀ igi náà jáde. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì yára gbé e mì, nítorí ẹni tó fẹ́ ná ọjà kì í jẹ́ kí ọlọ́jà rí eyín òun.

Igi gidi ni. Kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n fi gúlù pò.

Bí ìtàn tí gbogbo ọmọ Yorùbá ní Meadowvale, ní Kánádà, mọ̀ jù nípa olóògbé Súnkànmí Ògúnmọ́lá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ́fíìsì kan ń kó kúrò ládùúgbò, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ tábìlì, àga àti kọ́bọ́ọ̀dù wá kó wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Uncle Ògúnmọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ó fẹ́ sọ gáréèjì ilé rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ó mú Tósìn ọmọ rẹ̀ dání, ó lọ.

"Èló lẹ fẹ́ gbà?" ló bi ọ̀gá ibẹ̀, òyìnbó kan báyìí.

"Ọ̀fẹ́ ni, sà."

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ó ti wọ́n jù."

Òyìnbó wo Tósìn. Tósìn wo ilẹ̀. "Daddy, it's free. Please, let's just go."

"Dákẹ́. Ohun tí a ò bá ná, a ò tíì rà á." Ó kọjú sí òyìnbó. "Ẹ wo ẹsẹ̀ èyí, ó ti bó. Ìyẹn ń mì. Tí n ò bá kó o, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa wá ọkọ̀ tó máa kó o dànù?"

Ó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń lọ. Ìrìn ẹni tó ń retí kí wọ́n pe òun padà. Wọ́n pè é padà. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ àwọn á bá a gbé e. Ó tún ṣe bí ẹni tó ń lọ. Wọ́n ní ọkọ̀ àwọn á gbé e délé. Nígbà tí gbogbo ẹrù ti wà nínú ọkọ̀ tán, ó bọ òyìnbó lọ́wọ́, ó ní, "Ó dáa, mo gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ènì mi ńkọ́?"

Ẹ̀rọ tó ń po kọfí ni wọ́n fi ṣe ènì. Uncle Ògúnmọ́lá ò mu kọfí rí láyé rẹ̀.

Modinat, ìyàwó rẹ̀, ló pàdé ọkọ̀ náà lẹ́nu géètì. Nọ́ọ̀sì ni. Òkùnkùn kì í tíì ká tán tó fi ń jáde lọ sí shift. Ó wo tábìlì, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo gáréèjì.

"Bàbá Tósìn, níbo ni ọkọ̀ mi máa sùn?"

"Kí yìnyín tó dé, màá ti ṣe ààyè."

"Yìnyín ọdún wo?"

Ìgbà òtútù dé, ó lọ, òmíràn dé. Láràárọ̀ ni Modinat ń fá yìnyín lójú gíláàsì ọkọ̀, tó ń bá ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀ sókè kí ẹni tó wà nínú gáréèjì lè gbọ́.

Ẹni tó wà nínú gáréèjì ń ṣiṣẹ́. Ó to kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì méjì, ó gbé ilẹ̀kùn lé wọn lórí, ó di tábìlì iṣẹ́. Kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì sì nìyí: bí o bá fa dúrọ́ọ̀ kan, àwọn tó kù á ti ara wọn pa. Bí gúlù bá wà níta, ayùn ò ní jáde. Ìfẹ́, ọmọ àbúrò rẹ̀, ní kó jẹ́ kí òun bá a yọ irin tó ń tì í. Ó kọ̀ jálẹ̀. "Ó ń kọ́ mi ní sùúrù ni." Lẹ́yìn náà ló fi ẹsẹ̀ gbá a.

Ó gbé káńtà tí wọ́n ti ń gba àlejò ní ọ́fíìsì náà sẹ́nu gáréèjì, ó to àga mẹ́ta síwájú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wá, kó jókòó títí wọ́n á fi pè é. Lọ́jọ́ kan Modinat gbé oúnjẹ wá.

"Ẹ jókòó, madam. A máa dá yín lóhùn láìpẹ́."

Modinat jókòó lóòótọ́. Ó ṣí abọ́ náà, ó sì jẹ gbogbo ẹran inú rẹ̀ tán kí wọ́n tó dá a lóhùn.

Ìgbà tó yọ táyà abẹ́ àga ọ́fíìsì, tó kàn án mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì iṣẹ́ kejì, ìyẹn ló le jù. Ó ní kó lè rọrùn láti tì kiri. Ó gbé pákó lé e, ó fi ìfági fá a, tábìlì sún síwájú. Ó tẹ̀ lé e. Ó tún fá, ó tún sún. Ojú ò kúrò lára pákó. Ó jáde nínú gáréèjì, ó kọjá lára ọkọ̀ Modinat, ó bọ́ sí títì. Aládùúgbò wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ṣíwọlá, fẹ́ gbé ọkọ̀ kọjá, ó yọ orí síta.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ń lọ?"

"Ibì kankan. Ṣé o ò rí i pé mo wà níbi iṣẹ́ ni?"

Ṣùgbọ́n ẹ bi Tìmílẹ́yìn léèrè. Ìgbà tó dé láti Ìbàdàn, tó ríṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Milton, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń sùn, kóòtù ló fi ń ṣe ìrọ̀rí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Uncle Ògúnmọ́lá kàn rí i pé ó ń di ẹ̀yìn mú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò bi í ní nǹkan kan. Ó lọ rẹ́ tábìlì ńlá tí àwọn ọ̀gá fi ń ṣe mítìn-ín sí méjì, ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e lọ bá a.

"Ẹ ṣé o, sà. Sà, ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé ó lágbára ṣá, sà?"

"Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sùn lórí ẹ̀ ní mítìn-ín. Ìwọ náà lọ sùn."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Tábìlì ìkàwé fún akẹ́kọ̀ọ́. Pẹpẹ ìwé. Àpótí ìjókòó. Yàrá òfìfo kan ò kọjá agbára rẹ̀.

"Gbogbo ayé lẹ ń ṣe ibùsùn fún," ni Modinat wí. "Ọkọ̀ tèmi ò ríbi sùn."

"Ìyá Tósìn, kí yìnyín tó dé."

Ó kú kí yìnyín tó dé. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́ọ́rọ́wọ́, lójú oorun.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, Modinat pe gbogbo àwọn tí ọkọ rẹ̀ ti ṣe nǹkan fún. Kí wọ́n wá kó gáréèjì náà. Kí kálukú mú ohun tó bá wù ú. Ọkọ̀ òun máa wọlé lọ́dún yìí. Kò sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. Wọ́n sì wá lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì ń gbé ẹrù síta, láìsí ariwo.

Lẹ́yìn káńtà, lábẹ́ aṣọ kan, wọ́n bá bẹ́ẹ̀dì ọmọdé. Ẹ̀gbẹ́ kan ò tíì sí.

Oyinkán, tó ń gbé ní Woodbridge, gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Oyún náà ti wọ oṣù kẹjọ. "Tèmi ni. Uncle ní àwọn á ṣe é fún mi. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé ni."

Ó fi ọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ tó ti parí.

"Ẹ jẹ́ n máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀, Mummy. Ọkọ mi á bá mi parí ẹ̀ nílé."

"Nínú condo yẹn, tí ẹnìkan ń gbé lórí ẹnìkan?" ni Modinat wí. "Ẹ fi ayùn kan igi lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe máa lé yín síta." Ó fa kóòtù rẹ̀ mọ́ra. "Tìmílẹ́yìn, gbé tábìlì iṣẹ́ yẹn padà wọlé. Ẹ parí ẹ̀ níbí."

Wọ́n rẹ́ pákó, wọ́n fá a, wọ́n rẹ́ ẹ kúrú, wọ́n tún òmíràn rẹ́. Wọ́n bú ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Modinat ló di pákó mú fún wọn. Ìgbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, gúlù ò tíì gbẹ.

"Ẹ padà wá ní Sátidé," ló wí.

Wọ́n padà wá. Wọ́n sì mú obìnrin kan dání, Hàbíbàt, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò ní tábìlì. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn.

Yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Modinat lọ ra aṣọ ìbòrí fún ọkọ̀ rẹ̀.