Ẹ̀gbà Ọwọ́ Màámi

Nísàlẹ̀ ilé-ìtura, ní yàrá tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, tí ooru kì í jáde níbẹ̀ bí kò ṣe pé ènìyàn ṣílẹ̀kùn fún un, obìnrin kan wà tó ń lọ ṣíìtì. Mò-ń-bọ̀ ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe òun ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fún un lórúkọ náà, nítorí pé bí fóònù rẹ̀ bá ti dún lọ́sàn-án, á gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, á nu ọwọ́ sára aṣọ, á ní, "Mò ń bọ̀," ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ti wà lójú títì. Ẹni tó bá sún mọ́ áyọ́ọ̀nù ni yóò bá a pa á. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi í ṣe ẹ̀rín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í korò, torí ṣíìtì tí kò bá lọ, àwọn ló ń bá a lọ ọ́.

Àwọn kan ní ọkùnrin ló ń pè é. Ọkùnrin wo? Ta ló ráyè ọkùnrin? Àpótí ni.

Ìyá rẹ̀ ló ṣubú ní balùwẹ̀ lọ́dún tó kọjá, orí sìmẹ́ńtì tútù ló sì wà láti àárọ̀ títí ọmọ fi ti ibi iṣẹ́ dé. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn ọmọ ò ti balẹ̀ mọ́. Ó lọ gba ẹ̀rọ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá ènìyàn ṣọ́ àgbàlagbà: ẹ̀gbà kan tí ìyá ń fi sọ́wọ́, àti àpótí kékeré kan tó jókòó sórí tábìlì ní pálọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀gbà ni kó máa sọ fún àpótí láìsinmi pé, "Mo wà, mo wà." Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá kọjá tí àpótí ò gbọ́ ọ, ó gbà pé nǹkan ti ṣe ìyá nìyẹn, á sì pe fóònù ọmọ.

Nǹkan gidi ni, bí ìyá bá lè jókòó sójú kan. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán, màmá á wọ́ àga rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, á gbé e sẹ́yìn táńkì omi onírin ńlá kan, á jókòó sí òjìji rẹ̀. Irin táńkì yìí kì í jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀gbà kọjá. Ẹ̀gbà á máa sọ ọ́, àpótí ò ní gbọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta á pé, fóònù á dún, ọmọ á sáré wọ ọkọ̀, á ti ibi tí ọkọ̀ já a sí sáré wálé, á bá ìyá lórí àga, ara rẹ̀ le koko. Á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á mí kanlẹ̀.

"Màámi, ẹ wà níbẹ̀, àbí?"

"Mo wà."

Á tún sáré padà.

Ó ti bẹ màmá títí kó máa jókòó ní pálọ̀. Màmá á ní òun ti gbọ́, ẹ̀yìn táńkì náà ni yóò tún wà lọ́la. Ó gbé àpótí lọ sójú fèrèsé ẹ̀yìn kó lè máa gbọ́ dáadáa. Màmá wọ́ àga sún wọnú òjìji táńkì sí i, ó ní oòrùn ló ń pa òun.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá yàrá ìfọṣọ pè é sí kọ̀rọ̀.

"Mo mọ̀ pé ìyá ẹ ni. Bí ìyá tèmi náà ṣe rí nìyẹn kó tó kú. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ fún àlejò pé kó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì lásán. Tó o bá tún fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án, má wulẹ̀ padà wá."

Iṣẹ́ yìí ló ń bọ́ òun àti ìyá rẹ̀. Kò sí òmíràn. Ó tẹ ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rọ láago, wọ́n sì rán ọkùnrin kan wá sílé wọn ní Sátidé, ọkùnrin tó rù, tó gbé báàgì kọ́ èjìká, tó sì jókòó sórí àga bí ẹni pé kò tíì jókòó láti ọjọ́ Ajé.

"Ẹ bá mi sún ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí di wákàtí kan," ọmọ ní.

Ẹlẹ́rọ mi orí. "Wọn ò gbà kí ẹni tó ń lò ó fọwọ́ kan ibẹ̀, mà. Páásíwọ́ọ̀dù ni wọ́n fi tì í."

"Ta ni wọ́n?"

"Àwọn tó ṣe é."

"Ṣé wọ́n mọ ilé yìí? Ṣé wọ́n ti rí táńkì ẹ̀yìnkùlé wa rí?"

"Wọn ò rí i."

"Ta ló wá sọ fún wọn pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ló bá wa mu?"

Ẹlẹ́rọ fọwọ́ nu ojú. "Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Gbogbo ẹni tí mo ti ṣí i fún, kò sẹ́ni tó dín in kù rí. Wákàtí kan lónìí, ọjọ́ kan lọ́la. Ọkùnrin kan sún tiẹ̀ títí àpótí ò fi pè é mọ́. Ìgbà tó máa fi délé…" Ó rí i pé màmá ń gbọ́, ó gbé ìyókù mì. "Ṣùgbọ́n tí n ò bá ṣí i, ẹlòmíì á kàn yọ wáyà ẹ̀ lára iná ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀bi ò ní wà lórí mi, mo lè ṣí i."

"Orí mi ló máa wà. Ẹ ṣí i."

Ó tẹ fóònù rẹ̀ díẹ̀, ó nà án sí i. Nọ́ńbà kan ló wà níbẹ̀, àmì ìyọkúrò kan wà lápá kan rẹ̀, àmì àfikún wà lápá kejì. Ọmọ gbé ìka sókè.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," màmá ní, láti orí àga rẹ̀, "ọwọ́ ta ni ẹ̀gbà wà?"

Ẹlẹ́rọ yíjú sí i, ojú tì í díẹ̀. "Ọwọ́ yín ni, mà."

"Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà."

Inú bí ọmọ. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́! Ojoojúmọ́ ni nǹkan yìí ń pè mí lórí asán."

"Kì í ṣe asán. Èmi ni mò ń pè ọ́."

Ọmọ yíjú sí i.

"Mo mọ ibi tí kì í ti í gbọ́ mi," màmá ní. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èèṣì ni. O sáré wọlé, o wò mí lójú. Ọjọ́ kejì, mo ní kí n tún wò ó bóyá wàá wá. O wá."

Ọmọ gbé ìka kúrò lójú fóònù. Gbogbo eré yẹn, gbogbo àyà jíjá nínú ọkọ̀, àṣé màmá ló mọ̀ọ́mọ̀ ń mú un sá a. Ó fẹ́ pariwo, ó fẹ́ sunkún, àárẹ̀ ò jẹ́ kó lè ṣe méjèèjì.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n fẹ́ lé mi níbi iṣẹ́ ni?"

"Mi ò mọ̀. Ìgbà wo lo jókòó tì mí tó o sọ ọ́? Tó o bá wọlé lálẹ́, oorun ni. Tí ilẹ̀ bá mọ́, o ti lọ."

Òótọ́ ni. Ẹlẹ́rọ ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí n tì í padà?"

Màmá ló dá a lóhùn. "Bá a sún un. Mi ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi."

Ọmọ tẹ àmì àfikún títí ó fi di wákàtí kan.

Lọ́jọ́ Ajé, fóònù ò dún. Ṣíìtì ń gun orí ara wọn lórí tábìlì. Ọ̀gá kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó bá a níbẹ̀. Ó tún kọjá, ó tún bá a níbẹ̀, ó sì mi orí sí i pé ó dára. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Síbẹ̀, kò yéé wo fóònù yẹn, bí ẹni tó ń retí ẹni tó ti sọ pé òun ò ní wá. Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, ó ra búrẹ́dì olóòórùn dídùn tí màmá fẹ́ràn, ó sì ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé lálẹ́ yìí, òun á jókòó, àwọn á sọ̀rọ̀.

Pálọ̀ ló bá màmá. Ó jókòó síwájú àpótí gan-an, ọwọ́ tí ẹ̀gbà wà wà lórí itan rẹ̀, iná àpótí sì ń tàn.

"Màámi, ẹ ò jáde lónìí ni? Ẹ̀yìn táńkì á ti tutù dáadáa."

Ìyá rẹ̀ wò ó, kò bínú.

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lẹ́yìn táńkì?"